Bernd Schneider awakọ̀: báwo lẹni tí kò gba máàkì kan ní Formula 1 ṣe gba ife DTM lẹ́ẹ̀marùn-ún?

Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù dáadáa mọ orúkọ Bernd Schneider. Ó wà nínú ikọ̀ Bayer Leverkusen tí Real Madrid nà ní Glasgow ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, ó sì tún wà nínú ikọ̀ Jámánì tí Brazil gbá 2 sí 0 ní Yokohama ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí wọ́n bá rí orúkọ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Mercedes, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gba ife DTM, ìdíje ọkọ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ṣé agbábọ́ọ̀lù yẹn ló bọ́ bàtà sílẹ̀ tó lọ di awakọ̀ ìje ni?

Rárá o. Èèyàn méjì ni wọ́n. Ìlú Jena ní ìlà oòrùn Jámánì ni wọ́n ti bí agbábọ́ọ̀lù, lọ́dún 1973. Awakọ̀ jù ú lọ: ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1964 ni wọ́n bí i ní St. Ingbert, ní ìpínlẹ̀ Saarland tó bá ilẹ̀ Faransé pààlà. Ohun tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni Timo Scheider, awakọ̀ Audi tó gba ife DTM ní 2008 àti 2009. Ẹ wo sípẹ́lì rẹ̀ dáadáa, kò sí "n" níbẹ̀. Ọdún 2008 tí Schneider fẹ̀yìn tì nínú DTM gan-an ni Scheider gba ife rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ẹni tó bá ń sáré ka àkọsílẹ̀ á rò pé ẹnì kan náà ni.

Ìrújú kejì ló wúwo jù. Àkọsílẹ̀ Formula 1 fi hàn pé wọ́n forúkọ awakọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìdíje 34, pé 9 péré ló rí bá wọn sá, àti pé kò gba máàkì kankan. Ẹni yìí kan náà làwọn ará Jámánì ń pè ní "Mr. DTM". Báwo ni méjèèjì ṣe lè jẹ́ òótọ́? Ká tó lè dáhùn, ó yẹ ká mọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi sá eré kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Irú ọkọ̀ ìje wo ni wọ́n ń pè ní kí ni?

Ọkọ̀ Formula 1 lojú wa mọ̀ jù: ìjókòó kan ṣoṣo, kò ní òrùlé, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní gbangba. Eré ìje nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí ẹni tó lè rà á kó fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé.

Touring car ni ọkọ̀ ìje tó gbé àwòrán ọkọ̀ ilé wọ̀, irú salúùnù tí dókítà tàbí lọ́yà ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn, àmì iléeṣẹ́ tó ṣe é sì wà níwájú rẹ̀ gbàǹgbà. Àwọn tó ń wò ó fẹ́ rí Mercedes, Audi, BMW, Opel tàbí Alfa Romeo tó jọ èyí tó wà ní ojú pópó.

Sports car rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, eré ló sì wà lọ́kàn wọn látìgbà tí wọ́n ti ń yà á sórí ìwé. Ó pín sí ọ̀nà méjì. GT ni èyí tó ti inú ọkọ̀ eré tí olówó lè rà jáde. Prototype ni èyí tí wọ́n ṣe fún pápá nìkan, tí kò ní ẹ̀dà kankan nílé ìtajà. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ló máa ń sá eré wákàtí 24 ní Le Mans, àwọn awakọ̀ mélòó kan á sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn.

DTM ni ìdíje touring car ilẹ̀ Jámánì. Ọdún 1984 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn, kó tó di Deutsche Tourenwagen Meisterschaft. Ó kú lópin ọdún 1996. Nígbà tí wọ́n jí i dìde ní 2000, wọ́n fi Masters dípò Meisterschaft kí lẹ́tà mẹ́ta náà má baà yí padà. Ìdí nìyẹn tí ìwé kan á fi sọ pé 1984 ni DTM bẹ̀rẹ̀, tí òmíràn á sì sọ pé 2000 ni. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i ní Formula 1?

Orí kart, ọkọ̀ ìje kékeré táwọn ọmọdé ń gbà bẹ̀rẹ̀, lòun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba ife Formula 3 ilẹ̀ Jámánì ní 1987. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Zakspeed mú un. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Niederzissen ni Zakspeed, ó sì dáwọ́ lé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ: òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ọkọ̀, òun náà ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì túbò rẹ̀. Ìdíje 16 ló wà lọ́dún náà, 6 ni Schneider rí àyè wọ̀. Ní 1989 òfin fòpin sí túbò, Zakspeed sì gba ẹ́ńjìnnì V8 lọ́wọ́ Yamaha tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ Formula 1. Ìdíje 16 tún ni, 2 péré ló rí wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí: Brazil níbẹ̀rẹ̀ ọdún, àti Japan nígbà tí ọdún ń parí lọ.

Ẹni tó bá ń wo Formula 1 òde òní kò ní mọ bí èèyàn ṣe lè wà nínú ikọ̀ kó má sì rí eré sá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ 39 ló ń dé pápá ní 1989, àyè 26 ló sì wà lórí ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ 26 ní ẹ̀tọ́ láti lọ tààrà sínú ìdánwò gbígba àyè. Àwọn 13 tó kù, títí kan Zakspeed méjèèjì, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò mìíràn láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Ẹtì, fún wákàtí kan ṣoṣo. Mẹ́rin tó yára jù nínú wọn ló máa kọjá. Àwọn 9 tó kù á palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kí àwọn òǹwòran tó jẹun àárọ̀ tán. Àwọn mẹ́rin tó kọjá kò tíì bọ́ o: wọ́n á lọ bá àwọn 26, wọ́n á di 30, wọ́n á sì tún lé mẹ́rin dànù nínú wọn. Ìdánwò tí èèyàn ń ṣe kí wọ́n tó gbà á láyè láti ṣe ìdánwò gan-an ni.

Nínú wákàtí kan yẹn, kò sí àyè fún àṣìṣe. Bí wáyà kan bá já, tàbí tí jíà kan kò wọlé, tí mẹ́káníìkì fi ogún ìṣẹ́jú wá ibi tó ti ń ṣe é, ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò náà ti lọ. Pápá kì í sì í dára láàárọ̀: eruku ṣì wà lójú rẹ̀, táyà kò tíì fi rọ́bà sílẹ̀ síbẹ̀, kò lè dì mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ṣé awakọ̀ ni kò mọ ọkọ̀ wà àbí ọkọ̀ ni kò lè sáré? Ẹ wo ẹnìkejì Schneider ní Zakspeed lọ́dún náà, Aguri Suzuki ọmọ Japan. Ìdíje 16 ló lọ, ìdánwò òwúrọ̀ lé e dànù nínú gbogbo 16. Lọ́dún kejì wọ́n fún un ní Lola ti ikọ̀ Larrousse, ó sì gbé ipò kẹta ní Suzuka. Ọkùnrin kan náà ni, ọwọ́ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. Ọkọ̀ ló yàtọ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí tó.

Schneider alára tún rí ìdíje kan sá ní 1990, ní Phoenix ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ikọ̀ Arrows ní kó wá di ipò awakọ̀ wọn mú. Ipò kejìlá ló gbé. Àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ nìkan ló ń gba máàkì nígbà yẹn. Ó tún gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan fún Arrows ní Spain lọ́dún náà, kò rí àyè wọ̀. Bí Formula 1 ṣe parí fún un nìyẹn. Ó ti ń wa sports car Porsche 962 lásìkò yẹn, ó sì wá bá Mercedes nínú DTM.

Kí ló wà lábẹ́ ara Mercedes yẹn?

Ohun táwọn èèyàn máa ń ṣì mú jù nìyí. Wọ́n rí C-Class lójú pápá, wọ́n rò pé wọ́n kàn yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò nínú ọkọ̀ ilé ni. Ẹ fi wé eégún: ẹ̀kú ni ẹ̀ ń wò, ẹ ò rí ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀kú àti ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣì jọra. Mercedes 190E tí Schneider fi gbé ipò kẹta ní 1992 ṣì jẹ́ ọmọ ìyá ọkọ̀ tí wọ́n ń tà, ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́rin oní lítà 2.5 ló sì ń gbé e sáré. AMG ló ń tún un ṣe fún eré. Orúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan lásán: A ni Aufrecht, M ni Melcher, àwọn oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì méjì tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, G ni Großaspach, ìlú tí wọ́n ti bí Aufrecht. Nígbà tó yá, Aufrecht dá HWA sílẹ̀, HWA yìí ló sì ń bójú tó ọkọ̀ Mercedes látìgbà tí DTM jíǹde.

Nígbà tó fi di 1995, òfin ti yí padà. C-Class ọdún náà ní ẹ́ńjìnnì V6 oní lítà 2.5, kọ̀ǹpútà sì ń bá awakọ̀ ṣọ́ bíréèkì kí táyà má baà há. Ìdíje méjì ni wọ́n fi ọkọ̀ yìí sá lọ́dún náà, èyí sì máa ń da àwọn tó ń ka ife rú: DTM nílẹ̀ Jámánì, àti ìdíje àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní ITC, tó lọ sí Mugello, Donington, Estoril àti Magny-Cours. Schneider gba méjèèjì. Ní 1996 wọ́n pa wọ́n pọ̀ di ITC nìkan, wọ́n sì gbé e dé Interlagos ní São Paulo àti Suzuka ní Japan. Owó tó ń jáde ló pọ̀ jù. Opel, tí awakọ̀ rẹ̀ Manuel Reuter gba ife lọ́dún náà tí Schneider fi ṣe ipò kejì, kó ẹrù rẹ̀. Alfa Romeo náà lọ. Mercedes nìkan ló kù, ẹnì kan kò sì lè dá sá ìdíje.

Èyí tó jíǹde ní 2000 gba ọgbọ́n lára èyí tó kú. Wọ́n ní gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lo ẹ́ńjìnnì V8 oní lítà 4, wọ́n sì fi ihò tóóró dí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí kí agbára rẹ̀ má baà kọjá ààlà. Wọ́n ṣe jíà àti táyà ní ìkan náà fún gbogbo wọn. Nínú, férémù onípáìpù irin ló gbé e dúró, awakọ̀ sì jókòó sẹ́yìn gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí èrò ẹ̀yìn máa ń jókòó sí nínú ọkọ̀ ilé, kí ìwúwo lè wà láàárín. Òrùlé àti iná iwájú ló kù tó jọ ti ọkọ̀ ilé.

Irú ọkọ̀ yìí ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ọkọ̀ Formula 1 ọdún 1989 kò ju kìlógíráàmù 500 lọ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tó kéré jù tí òfin fàyè gbà. Ìyàtọ̀ yẹn yí gbogbo bí awakọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ẹ wo kọ́nà Spitzkehre ní Hockenheim, níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ padà bí ìgbọ̀nwọ́ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti sáré jù. Awakọ̀ á kọ́kọ́ tẹ bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára ẹsẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ṣì ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lórí eré yẹn, táyà sì lè gbà á. Bí eré ṣe ń dín kù ni afẹ́fẹ́ ń tú ọwọ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa tú díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá tú, táyà iwájú á há, á dúró sójú kan, á máa fi ilẹ̀ ha ara rẹ̀. Èéfín funfun á rú. Ibi tó ha yẹn á pẹlẹbẹ, sìtíárìn á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀ títí wọ́n á fi pààrọ̀ táyà. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré tí ẹsẹ̀ ṣe àṣìṣe lè ba ìyípo mẹ́wàá jẹ́. Ohun tí awakọ̀ DTM gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyẹn: kó pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́, kó sì tú u láìha táyà, lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú ọkọ̀ mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ṣé ẹni tó bá ṣe ipò kìíní jù ló ń gba ife?

Kì í ṣe dandan, Schneider sì ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ó gba ife ní 1995, 2000, 2001, 2003 àti 2006. Ní 2003, Christijan Albers tí wọ́n jọ wà ní Mercedes ṣe ipò kìíní jù ú lọ. Ní 2006, Bruno Spengler, tóun náà ń wa Mercedes, ṣe bẹ́ẹ̀. Schneider ló gbé ife lọ́dún méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe ń pín máàkì ni ká wò. Lásìkò yẹn, ẹni kìíní ń gba 10, ẹni kejì 8, lẹ́yìn náà 6, 5, 4, 3, 2 àti 1. Ká ní ìdíje mẹ́wàá ló wà lọ́dún. Awakọ̀ kan ṣe ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì forí gbárí pẹ̀lú ẹlòmíràn tàbí kí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ nínú mẹ́fà tó kù: máàkì 40 ló ní. Awakọ̀ kejì ṣe ipò kìíní lẹ́ẹ̀méjì, ipò kejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ipò kẹta lẹ́ẹ̀méjì, ipò kẹrin lẹ́ẹ̀méjì, ó sì pàdánù ẹ̀ẹ̀kan: 20, àti 24, àti 12, àti 10, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 66. Ẹni tó ń fọ́n yẹ́ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹni tí kì í pa ilé dé lófìfo.

Ohun tó ń jẹ́ kí awakọ̀ pàdánù máàkì kì í sábà jẹ́ àìyára. Ó lè fò ṣáájú kí iná tó kú níbẹ̀rẹ̀. Ó lè wọ píìtì, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà, pẹ̀lú eré tó ju èyí tí òfin gbà lọ. Ó lè wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó lọ́ra fún ìyípo mẹ́jọ, kó sì ti ìbínú já lu u. Schneider ti pé ọdún 42 nígbà tó gba ife karùn-ún, àwọn tó ń bá a dù ú sì lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ pátápátá. Kò sí ẹni tó máa bá ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ du ìyípo kan ṣoṣo tó yára jù ní ọjọ́ orí yẹn kó rọrùn. Ohun tó kù fún un ni kó máa gbé nǹkan délé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ipò kìíní 43 ló kó jọ nígbà tó fi dúró ní 2008.

Kí ló ṣe láàárín 1997 sí 1999 tí kò sí DTM?

Mercedes kó o lọ síbi sports car, sínú ìdíje FIA GT tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Òfin ìdíje náà ní ọkọ̀ ìje gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà tó ṣeé wà lójú títì. Àwọn iléeṣẹ́ kan wá yí i po: wọ́n kọ́ ọkọ̀ ìje ná, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná àti nọ́ńbà sí ẹ̀dà rẹ̀. Bí CLK GTR ṣe wáyé nìyẹn, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì V12 oní lítà 6. Schneider gba ife FIA GT 1997 níwájú àwọn tó ń wa McLaren F1 GTR. Ní 1998, òun àti Mark Webber ṣe ipò kìíní márùn-ún, Klaus Ludwig àti Ricardo Zonta ṣe márùn-ún, Mercedes kó gbogbo mẹ́wàá, ife sì lọ sọ́dọ̀ Ludwig àti Zonta.

Le Mans ni kò gbà fún un. Ní 1998, òun ló sáré jù nínú ìdánwò gbígba àyè, òun ló sì ní ipò iwájú pátápátá. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Mercedes méjèèjì ti kú kí alẹ́ tó lẹ́.

Ti 1999 ni ayé ṣì ń sọ, àwọn èèyàn sì máa ń ṣi Schneider mọ́ àwọn tó fò lójú ọ̀run. Kì í ṣe òun. Ọkọ̀ CLR mẹ́ta ni Mercedes kó wá. Ti Mark Webber gbéra nílẹ̀ nígbà ìdánwò lọ́jọ́bọ̀, wọ́n tún un ṣe, ó tún dojú dé láàárọ̀ Sátidé. Nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, ti Peter Dumbreck fò kọjá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó balẹ̀ sáàárín igi. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú, Webber náà kò kú. Schneider, Franck Lagorce àti Pedro Lamy ló ń pín ọkọ̀ kẹta, Mercedes sì pè é wọlé lójú ẹsẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn gáréèjì.

Kí ló ń gbé ọkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan fò? Ẹ rántí páànù orí ilé. Níwọ̀n ìgbà tí atẹ́gùn bá ń gba orí rẹ̀ kọjá, kò sí wàhálà. Bí etí kan bá ṣí sókè díẹ̀ tí atẹ́gùn rí abẹ́ rẹ̀ wọ̀, ó tán. Abẹ́ CLR tẹ́ pẹrẹsẹ bíi páànù. Táyà iwájú àti tẹ̀yìn súnmọ́ra, imú àti ìdí ọkọ̀ sì yọ gùn kọjá wọn, nítorí náà imú rẹ̀ rọrùn láti gbé sókè. Bí ó bá wá sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ iwájú á ti gba afẹ́fẹ́ tó yẹ kó tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ojú ọ̀nà bá tún lé gọngọ díẹ̀ níbi yẹn, tí eré sì ti tó kìlómítà 300 ní wákàtí kan, imú á gbéra, atẹ́gùn á wọ abẹ́, ọkọ̀ á sì di páànù tí ìjì ṣí. Awakọ̀ kankan kò lè fi sìtíárìn tàbí bíréèkì dá a dúró, nítorí táyà kò fọwọ́ kan ilẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ọdún 2013?

Nítorí pé ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì nínú DTM yìí jáde, ó sì gba eré ọlọ́jọ́ gbọọrọ mẹ́rin láàárín oṣù méje, pẹ̀lú irú ọkọ̀ kan náà, Mercedes SLS AMG GT3: wákàtí 24 ti Dubai ní oṣù kìíní, wákàtí 12 ti Bathurst ní Australia ní oṣù kejì, wákàtí 24 ti Nürburgring ní oṣù karùn-ún, àti wákàtí 24 ti Spa ní Belgium ní ìparí oṣù keje. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú Spa ló pé ọmọ ọdún 49.

Nínú irú eré yìí, fífi ọkọ̀ lé ara ẹni lọ́wọ́ ṣe pàtàkì bí eré sísá alára. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ọkọ̀ dúró, ilẹ̀kùn SLS ṣí sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ. Awakọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ fa wáyà rédíò àti ọ̀pá omi mímu yọ lára akoto rẹ̀, ó yí ìdè bẹ́líìtì kó tú, ó yọ sìtíárìn kúrò ní ìdí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí àyè kọjá. Bó ṣe ń jáde ló ń fa fóòmù ìjókòó tirẹ̀ dání. Ara àwọn awakọ̀ kò bára mu, fóòmù tí wọ́n fi ara kálukú ya ló ń jẹ́ kí ẹni kúkurú àti ẹni gígùn lè lo ìjókòó kan. Ẹni tó ń wọlé á ju tirẹ̀ síbẹ̀, á jókòó, á di ti ìbàdí ná kó tó di ti èjìká. Ìdí ni pé tí a bá kọ́kọ́ fa ti èjìká, ti ìbàdí á sún gòkè sí ikùn, ibẹ̀ sì ni yóò ti ṣe é léṣe bó bá forí sọ nǹkan. Lẹ́yìn náà ni sìtíárìn. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ kó dún "kẹ́", kó sì fà á wò kó tó gbéra.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé kó jókòó lé bẹ́líìtì kan mọ́lẹ̀, tàbí kí bẹ́líìtì lọ́. Wọ́n á ní kó dìde, wọ́n á tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ipò méjì á ti lọ. Èyí tó tún burú ni kí wáyà rédíò má wọlé dáadáa: awakọ̀ á jáde lọ sínú òkùnkùn láìgbọ́ nǹkan kan, àwọn tó wà ní píìtì kò sì ní lè sọ fún un pé òjò ti ń rọ̀ ní apá kejì pápá.

Ní Nürburgring, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ìyípo kan níbẹ̀ ju kìlómítà 25 lọ, ó gba inú igbó kọjá lórí òkè àti nínú kòtò, oòrùn lè máa ràn ní ìbẹ̀rẹ̀ kí òjò máa rọ̀ ní ìdajì. Ọkọ̀ tó wà lójú pápá lé ní ọgọ́rùn-ún, kékeré pẹ̀lú ńlá. Ẹni tó wà nínú SLS lójú alẹ́ kì í fi ìgbà kan ṣíwọ́ láti máa kọjá lára ọkọ̀ tó lọ́ra, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ láti inú bí iná ẹ̀yìn wọn ṣe ń mì bóyá wọ́n ti rí òun. Ní 2013, òjò àti kùrukùru pọ̀ débi tí wọ́n fi dá eré dúró lóru fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó tún tú wọn sílẹ̀, pápá sì ṣì tutù. Ikọ̀ Black Falcon ló borí: Schneider, Jeroen Bleekemolen, Sean Edwards, àti Nicki Thiim.

Ẹ dúró díẹ̀ síbi orúkọ tó gbẹ̀yìn yẹn. Ní 1992 tí Schneider gbé ipò kẹta nínú DTM, ẹni tó gbé ipò kejì níwájú rẹ̀ ni Kurt Thiim ọmọ Denmark. Ọmọ rẹ̀ ni Nicki. Bàbá ni Schneider kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ ní Mercedes, ó sì wá bá ọmọ pín sìtíárìn lẹ́yìn ọdún 21.

Ṣé DTM òní ṣì ni DTM rẹ̀?

Orúkọ ṣì wà, ọkọ̀ ti yí padà. Mercedes kúrò lópin 2018, Audi sọ pé òun náà ń lọ lópin 2020, BMW kò sì lè dá a ṣe. Àwọn V8 tí Schneider wà ti kọjá lọ tipẹ́, àwọn tó rọ́pò wọn náà sì ti wọ́n jù fún ẹnikẹ́ni láti ṣe. Láti 2021, ọkọ̀ GT3 ni wọ́n ń fi sá DTM, irú SLS tó gbà lọ́dún 2013: ọkọ̀ tí ikọ̀ tó bá lówó lè rà láti iléeṣẹ́, yálà Mercedes, Porsche, Lamborghini tàbí Ferrari. Láti 2023, ADAC, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ Jámánì, ló ń darí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá tan tẹlifíṣọ̀n tí ẹ rí DTM lónìí, ẹ má wá C-Class níbẹ̀. Sports car ló wà lójú pápá, touring car ló wà nínú orúkọ. Bí ẹ bá sì rí iye ìgbà tí awakọ̀ òde òní kan gba ife tí wọ́n fi wé márùn-ún ti Schneider, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: èyí tó ṣáájú 1997, èyí tó wà láàárín 2000 sí 2020, àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 kì í ṣe irú eré kan náà.